Òǹkà Yorùbá Lábẹ́ Àyẹ̀wò: Ìtàn Ìwádìí Láti Orí Owó Ẹyọ Dé Yàrá Ìkẹ́kọ̀ọ́

Ìfáárà

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa lónìí, bí olùkọ́ bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ka òǹkà Yorùbá láti oókan títí dé ọgọ́rùn-ún, díẹ̀ nínú wọn ni yóò kà á já. Bí ó bá dé orí márùndínláàádọ́ta, ọ̀pọ̀ yóò dákẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan náà yóò sì ka ti Gẹ̀ẹ́sì láì sinmi. Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí, àti lẹ́nu àwa olùkọ́ pàápàá, ni pé òǹkà Yorùbá le, pé ó lọ́jú pọ̀ jù, àti pé èdè tí ó ní irú òǹkà bẹ́ẹ̀ kò lè ru ẹrù ìmọ̀ ìṣirò àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń fi ẹnu lásán sọ kí a sì fi sílẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́sàn-án ọdún tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń ṣe ìwádìí lórí òǹkà wa. Inú ilé ìmọ̀ kan ṣoṣo kọ́ ni wọ́n ti wá. Àwọn onímọ̀ èdè wà níbẹ̀, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn onímọ̀ ìṣirò, àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ àti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ ṣe ni láti tẹ̀ lé àwọn ọ̀nà wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a lè rí ibi tí wọ́n ti pàdé, kí a sì mọ ohun tí ìpàdé náà kọ́ wa.

Bí òǹkà náà ṣe dúró

Kí a tó wọ inú ìtàn, ó yẹ kí a rán ara wa létí bí òǹkà yìí ṣe rí. Òpó mẹ́ta ni ó gbé e ró: ìsọdipúpọ̀, ìròpọ̀ àti ìyọkúrò. Ogún ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ogún méjì ni ogójì, ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta, ogún mẹ́rin ni ọgọ́rin, ogún márùn-ún sì ni ọgọ́rùn-ún. Bí a bá dé ogún mẹ́wàá, igba ni a ń pè é. Igba náà á sì di ìpìlẹ̀ tuntun. Igba mẹ́ta ni ẹgbẹ̀ta, igba márùn-ún ni ẹgbẹ̀rún, igba mẹ́wàá ni ẹgbàá. Ẹgbàá tún di ìpìlẹ̀ fún èyí tí ó ga jù ú lọ: ẹgbàájì jẹ́ 4,000, ẹgbàárùn-ún jẹ́ 10,000, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, èyí tíí ṣe 20,000. Àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀ bí ọgbọ̀n, igba àti irinwó ni ó dá dúró ní tiwọn.

Ní ti ìròpọ̀, láti oókan dé ẹ̀rin ni a ń fi lé orí ẹ̀wá: oókànlá, eéjìlá, ẹẹ́tàlá, ẹẹ́rìnlá. Bí a bá ti dé ẹẹ́dógún, ojú ti kúrò lẹ́yìn, ó ti wà lára ogún tí ń bọ̀ níwájú. Àrún dín ní ogún ni ẹẹ́dógún. Ẹ̀rin dín ní ogún ni ẹẹ́rìndínlógún. Àádọ́ta jẹ́ ẹ̀wá dín ní ọgọ́ta, àádọ́rin jẹ́ ẹ̀wá dín ní ọgọ́rin, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sì jẹ́ ọgọ́rùn-ún dín ní ẹgbẹ̀ta. Ẹ jẹ́ kí a mú márùndínláàádọ́ta tí ó ń dá àwọn ọmọ dúró ṣe àpẹẹrẹ. Ohun tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ń sọ ni pé kí a mú ogún lọ́nà mẹ́ta, kí a yọ ẹ̀wá níbẹ̀, kí a sì tún yọ àrún:

(20 × 3) – 10 – 5 = 45

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n:

(200 × 3) – 100 + (30 – 5) = 525

A ó rí i pé ọmọ tí ó bá mọ ìdí tí a fi ń pe 525 bẹ́ẹ̀ ti ṣe ìsọdipúpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti ṣe ìyọkúrò lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti ṣe ìròpọ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ó tó pa ẹnu dé. Ọmọ tí ó kàn há a sórí kò rí ìkankan nínú wọn. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn ọmọ méjèèjì yìí ṣe pàtàkì, a ó sì padà sórí rẹ̀.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ fi í sínú ìwé

Ní ọdún 1843, ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoogùn, kọ jáde ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ó tún tẹ ìwé gírámà jáde ní 1852. Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi tí ó ti Amẹ́ríkà wá, tẹ̀lé e ní 1858 pẹ̀lú ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè tí Smithsonian Institution tẹ̀ jáde. Iṣẹ́ ìwàásù ni ó gbé àwọn ènìyàn wọ̀nyí dé ìdí òǹkà. Ẹni tí yóò ra iṣu lọ́jà, tí yóò sì san owó iṣẹ́ fún aláàárù, ó di dandan kí ó mọ owó kà. Ẹni tí yóò sì túmọ̀ Bíbélì, ó di dandan kí ó lè pe nọ́ńbà tí ó tóbi. Nínú Ìwé Númérì, iye àwọn ọkùnrin Ísírẹ́lì tí ó tó ogun-ún lọ jẹ́ 603,550. Yorùbá kò ní láti yá ọ̀rọ̀ kí ó tó pe èyí: ọgbọ̀n ọ̀kẹ́ jẹ́ 600,000, egbèjìdínlógún jẹ́ 3,600, bí a bá wá dín àádọ́ta, ó parí. Èdè tí ó ní ọ̀nà tí yóò gbà pe irú iye bẹ́ẹ̀ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò lè jẹ́ èdè tí òǹkà rẹ̀ kúrú.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi àròkọ odindi kan wádìí òǹkà yìí ni Adolphus Mann, míṣọ́nnárì ọmọ Jámánì tí ó ṣiṣẹ́ fún CMS ní Ìjàyè. Àròkọ rẹ̀ jáde ní ọdún 1887 nínú ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìran ènìyàn ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Kì í ṣe orúkọ àwọn nọ́ńbà nìkan ni Mann kọ sílẹ̀. Ó béèrè ohun tí ó fà á tí wọ́n fi rí bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ilẹ̀ tí a ń da owó ẹyọ sí ni ká ti wá a. Ó ṣàlàyé pé bí wọ́n bá ti tú ọ̀kẹ́ owó kan sílẹ̀, ẹni tí yóò kà á á kúnlẹ̀ tàbí kí ó jókòó tì í, á máa fa ẹyọ márùn-ún márùn-ún sọ́dọ̀. Bí ó bá fà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní ìlọ́po méjì, èyíinì ni ìgbà ogún, ọgọ́rùn-ún kan ti pé. Á tún ka ọgọ́rùn-ún mìíràn, á sì pa méjèèjì pọ̀ di igba. Òkìtì igba wọ̀nyí ni yóò máa gbá jọ títí owó náà yóò fi tán. Nípa báyìí, ojú Mann, àrún, ogún àti igba tí ó wà nínú òǹkà wa kì í ṣe àjèjì ara wọn. Ọwọ́ olówò ni ó bí wọn.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Samuel Johnson, àlùfáà Ọ̀yọ́, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Ó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀ Obadiah Johnson ni ó ṣètò ìwé náà, ìwé náà sì jáde ní 1921. Johnson kọ nípa òǹkà, ó kọ nípa owó ẹyọ, ó sì kọ nípa èésú. Ohun tí ó fi yàtọ̀ sí àwọn àlejò ni pé ọmọ onílé ni. Ohun tí àwọn yẹn ń wò láti òde, inú rẹ̀ ni ó ti ń wò ó.

Owó ẹyọ àti ìmọ̀ ọrọ̀-ajé

Bí ó bá jẹ́ pé owó ẹyọ ni ó tọ́ òǹkà wa dàgbà gẹ́gẹ́ bí Mann ti wí, ó yẹ kí a béèrè ibi tí owó náà ti wá. Ìbéèrè yìí ni àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé àti ìtàn fi àárín ọ̀rúndún ogún wádìí. Marion Johnson tẹ iṣẹ́ ńlá kan jáde lórí rẹ̀ ní 1970. Òun àti Jan Hogendorn sì tẹ ìwé odindi jáde ní 1986. Wọ́n fi hàn pé erékùṣù Maldives tí ó wà ní Òkun Íńdíà ni ọ̀pọ̀ owó ẹyọ náà ti wá. Ọkọ̀ ojú omi á kó o lọ sí Yúróòpù gẹ́gẹ́ bí ẹrù tí ó mú ọkọ̀ dúró ṣinṣin lórí omi. Láti ibẹ̀ ni wọn yóò tún kó o wá sí etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn Potogí, àwọn ará Họ́láńdì àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó ṣe òwò náà jù. Kò yẹ kí a pa ojú dé sí ohun tí wọ́n fi rà. Ọ̀pọ̀ nínú owó yìí ni wọ́n fi ra ènìyàn. Òwò ẹrú wà nínú ìtàn owó tí ó tọ́ òǹkà wa dàgbà.

Ètò kíkà rẹ̀ rí báyìí ní ilẹ̀ Yorùbá: ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn á di ẹgbàá kan, ẹgbàá mẹ́wàá á sì kún ọ̀kẹ́ kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra wọn: 40 × 50 = 2,000; 2,000 × 10 = 20,000. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe àpò ni a fi ń pe iye tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ èdè kan sì tọ́ka sí i pé ọ̀rọ̀ náà, owó, wà nínú irinwó fúnra rẹ̀.

Ní ọdún 1845, ilé-iṣẹ́ òwò kan láti Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí kó irú ẹyọ mìíràn wá láti agbègbè Zanzibar. Ẹyọ yìí tóbi ju ti Maldives lọ, ó sì pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ohun tí ó tẹ̀lé e kò ṣòro láti mọ̀. Bí owó bá pọ̀ lóde ju ọjà lọ, agbára owó náà á dínkù. A. G. Hopkins kọ nípa ìyípadà yìí ní 1966, ó fi hàn bí owó ẹyọ ṣe ń já wálẹ̀ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà títí owó fàdákà àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi borí rẹ̀. Ọ̀wọ́n-gógó tí à ń ké nípa rẹ̀ lónìí kì í ṣe ohun tuntun. Àwọn baba ńlá wa fi orí rù ú, nítorí pé ẹrù owó tí wọ́n nílò láti ra ohun kan náà ń wúwo sí i lọ́dọọdún.

Nígbà tí ṣílè dé, Yorùbá kò ju òǹkà owó ẹyọ nù. Ìgbékalẹ̀ àtijọ́ ni wọ́n fi wọ owó tuntun. Sísì kan ni wọ́n ń pè ní ẹgbàá, ṣílè márùn-ún ni wọ́n ń pè ní ọ̀kẹ́ kan. Ìṣirò náà pé: sísì mẹ́wàá ni ṣílè márùn-ún, bí ẹgbàá mẹ́wàá ti jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Náírà àti kọ́bọ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, ni ó wá já okùn náà, nítorí pé ọgọ́rọ̀ọ̀rùn-ún ni wọ́n fi ṣètò rẹ̀.

A kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ ọrọ̀-ajé sílẹ̀ láì mẹ́nu ba èésú. William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó gbé ní Ilé-Ifẹ̀ fún ìwádìí, tẹ àròkọ jáde lórí rẹ̀ ní 1952. Ó ṣàlàyé pé owó kan náà ni olúkúlùkù ń dá ní àkókò kan náà, ẹnì kan á sì kó gbogbo rẹ̀ lọ, títí yóò fi kárí. Kò sí èlé, kò sí ìwé àdéhùn. Ìfọkàntán àti ìṣirò ni ó gbé e ró. Ní Trinidad, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú àwọn tí a kó dé ibẹ̀, wọ́n ń dá irú owó yìí títí di òní, orúkọ tí wọ́n sì ń pè é ni susu.

Ojú àwọn onímọ̀ ìṣirò

Ní ọdún 1962, Robert Armstrong tẹ ìwé kékeré kan jáde ní Ìbàdàn lórí òǹkà Yorùbá. Ohun tí ó yẹ kí a kíyèsí ni pé ìwé yìí ni ó ṣáájú nínú ọ̀wọ́ ìwé tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọrọ̀-ajé àti àwùjọ ti Nàìjíríà, NISER, gbé jáde. Àwọn tí ń wádìí ọrọ̀-ajé mọ̀ nígbà náà pé kò sí ẹni tí ó lè mọ òwò àwọn ènìyàn tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kà. Ní 1977, Ẹ̀kúndayọ̀ fi ìlànà ẹ̀dá-èdè òde òní wo bí a ṣe ń ṣẹ̀dá àwọn orúkọ nọ́ńbà, ó sì fi hàn pé òfin díẹ̀ ni ó ń bí ọ̀pọ̀ wọn.

Ní àárín àwọn méjèèjì, ní 1973, ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà tí ó gbé ìṣirò ilẹ̀ Áfíríkà síwájú gbogbo ayé. Claudia Zaslavsky ni ó kọ ọ́, Africa Counts ni àkọlé rẹ̀, ó sì fún òǹkà Yorùbá ní àyè ńlá. Ó yẹ kí inú àwa olùkọ́ dùn sí i pé olùkọ́ ìṣirò ní ilé-ìwé girama ni obìnrin yìí. Ohun tí ó ń wá ni ohun tí yóò fi kọ́ àwọn ọmọ tí ó wà níwájú rẹ̀.

Ǹjẹ́ òótọ́ ni pé òǹkà tí ó ń yọ kúrò, tí ó sì ń fi ogún kà, jẹ́ àjèjì sí ìmọ̀ ìṣirò? Rárá o. Àwọn ará Róòmù ń pe 18 ní duodeviginti, èyí tíí ṣe méjì dín ní ogún, bí àwa náà ti ń pe é ní eéjìdínlógún. IX tí wọ́n ń kọ fún 9 jẹ́ oókan dín ní ẹ̀wá. Faransé ń pe 80 ní ogún mẹ́rin, gẹ́gẹ́ bí ọgọ́rin wa. Ọmọ Yorùbá ní Ìmẹ̀kọ àti ọmọ Yorùbá ní Kétu lè jẹ́ ìbátan. Èyí tí ó wà ní Kétu, ní ilẹ̀ Bìnì-Olómìnira, ń kọ́ ogún mẹ́rin ní èdè Faransé ní ilé-ìwé, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un pé Faransé kò lè ru ẹrù ìṣirò.

Òǹkà náà tilẹ̀ rìn jìnnà ju ilé-ìwé lọ. Ní Kúbà, ọ̀nà tí àwọn olórìṣà ń gbà fi owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún dífá ni wọ́n ń pè ní dilogún. Ọ̀rọ̀ náà kò ju apá kan ẹẹ́rìndínlógún lọ. Èdè tí wọ́n ń sọ lójoojúmọ́ ti di ti Sípéènì, ṣùgbọ́n ìyọkúrò kan tí àwọn baba wọn ṣe ṣì wà lẹ́nu wọn.

Ìwádìí Ifẹ̀

Gbogbo ohun tí a ti sọ títí dé ibí jẹ́ ti ìwé. Ìbéèrè tí ó kan àwa olùkọ́ gan-an ni pé: ṣé ọmọ lè fi èdè Yorùbá kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì nínú kíláàsì kí ó sì mọ̀ ọ́n? Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ti Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan láti dá ìbéèrè yìí lóhùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ni aṣíwájú rẹ̀, Ford Foundation ti Amẹ́ríkà sì pèsè owó. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ètò náà rọrùn láti yé ni. Ẹgbẹ́ ọmọ kan ń fi Yorùbá kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti àṣà, àti Yorùbá fúnra rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan lára àwọn ẹ̀kọ́, olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú ni ó sì ń kọ́ wọn. Ẹgbẹ́ kejì tẹ̀ lé àṣà ìgbà náà: ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní Yorùbá, ọdún mẹ́ta tí ó kù ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn olùwádìí kọ ìwé tuntun, wọ́n dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀, wọ́n sì dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Ní 1973, wọ́n fa àwọn ilé-ìwé mìíràn wọ inú rẹ̀.

Èsì rẹ̀ wà nínú ìwé tí Fáfúnwá, Macauley àti Sokoya tẹ̀ jáde ní 1989. Àwọn ọmọ tí ó fi Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn sí àwọn yòókù. Ní ọ̀pọ̀ ibi wọ́n ta wọ́n yọ. Ohun tí ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù lọ ni pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Èdè tí a kò fi kọ́ wọn ní ìṣirò ni wọ́n tún mọ̀ dáadáa.

Kò yẹ kí a fi ìfẹ́ bo ojú ìwádìí. Àwọn kan ti sọ pé ìwé tuntun àti olùkọ́ tí a dá lẹ́kọ̀ọ́ lè jẹ́ ohun tí ó ran àwọn ọmọ náà lọ́wọ́, kì í ṣe èdè nìkan. Àríwísí yìí ní ìwúwo. Ṣùgbọ́n bí a bá gbà á pátápátá, ohun tí ó kù sílẹ̀ ṣì tó láti dáhùn ìbéèrè wa. Àwọn tí ó ń sọ pé Yorùbá kò lè ru ẹrù ìṣirò kò sọ pé kò lè rù ú bí kò bá sí ìwé. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kò lè rù ú rárá. Ọdún mẹ́fà ni ó fi rù ú ní Modákẹ́kẹ́, kò sì subú.

Okùn, páálí àti ìwọ̀n

Ìmọ̀ físíìsì, èyí tí ó ń wádìí bí ohun gbogbo ṣe ń wúwo, ṣe ń gbóná, tí ó sì ń rìn, kò lè gbé ẹsẹ̀ kan láìsí ìwọ̀n. Orí ìwọ̀n yìí ni Helen Verran, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà tí ó kọ́ni ní Ifẹ̀ ní ọ̀wọ́ àwọn ọdún 1980, gbé ìwádìí tirẹ̀ kà. Ìwé rẹ̀, Science and an African Logic, jáde ní 2001.

Ó ròyìn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí ó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń wọn gíga ara. Ìlànà tí wọ́n fún un ni kí ó lo rúlà. Olùkọ́ náà fún àwọn ọmọ ní okùn àti páálí tí ó gùn ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Wọ́n fi okùn wọn ara wọn láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n wé okùn náà mọ́ páálí, wọ́n ka ìgbà tí ó yí i, wọ́n sì fi iye tí ó ṣẹ́kù kún un. Ìdáhùn wọ́n tọ̀nà. Odindi ni wọ́n kọ́kọ́ mú, kí wọ́n tó pín in. Ìlànà tí wọ́n fún un ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹyọ kékeré, ó ń tò ó jọ títí yóò fi di odindi.

Verran kọ́kọ́ rò pé èyí fi hàn pé ọgbọ́n ìṣirò Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ayé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí ó yá, ó tún èrò ara rẹ̀ yẹ̀ wò nínú ìwé kan náà, ó sì rí i pé ìyàtọ̀ náà kò di odi. Àwọn olùkọ́ ń rékọjá láti ibì kan dé ibì kejì lójoojúmọ́, wọ́n ń pa méjèèjì pọ̀, àwọn ọmọ sì ń kọ́ ẹ̀kọ́. Onímọ̀ tí ó lè tún iṣẹ́ ara rẹ̀ wò báyìí yẹ fún ọ̀wọ̀.

Ohun tí ètò ìjọba ṣe pẹ̀lú ìwádìí

Ìlànà Ìjọba Àpapọ̀ lórí Ẹ̀kọ́ ti ọdún 1977 gbà pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé kò sì káwọ́ gbera. Ní 1984, Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìdìpọ̀ kìn-ín-ní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá. Ìdìpọ̀ kejì, tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní 1990. Fáfúnwá fúnra rẹ̀ jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ láti 1990 sí 1992. Ó kú ní 2010. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà kan tí ó ní kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún odindi ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun tí Ifẹ̀ ṣe ní 1970 ni èyí. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé a ti fagi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìkéde náà sọ pé àwọn ọmọ tí ó fi èdè abínibí kọ́ ẹ̀kọ́ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Modákẹ́kẹ́ yóò béèrè àwọn ìbéèrè kan: àwọn ìwé wo ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà? Ta ni ó dá àwọn olùkọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́? Ìlànà tí a kọ sínú ìwé láìsí ohun èlò kò tíì jẹ́ ìdánwò fún èdè.

Ìgúnlẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀, nítorí pé àdàpọ̀ wọn ni ó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú. Èkínní ni fífi Yorùbá kọ́ ìṣirò. Èkejì ni fífi ogún kà gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ń ka owó ẹyọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti dábàá pé kí a ṣètò òǹkà ẹlẹ́ẹ̀wáẹ̀wá fún Yorùbá òde òní, àwọn mìíràn kò sì fara mọ́ ọn. Ibi yòówù tí àríyànjiyàn yẹn bá já sí, kò lè pa èkínní lára. Nọ́ńbà 45 tí a kọ sójú pátákó kò ní èdè. Ẹni tí ó bá sọ pé òǹkà wa le, nítorí náà kí a má fi èdè wa kọ́ sáyẹ́ǹsì, ti so ohun méjì pọ̀ tí kò ní ìdè.

Ní ti àwa olùkọ́ Yorùbá, ohun kan wà tí kò dúró de àṣẹ ìjọba kankan. Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn tí ń múra ìdánwò ní òǹkà, kí a má ṣe fún wọn ní àkọ́sórí nìkan. Kí a kó òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ẹ̀wà sílẹ̀, kí a ní kí wọ́n fà á ní márùn-ún márùn-ún bí Mann ti ròyìn rẹ̀. Kí a ní kí wọ́n tú àádọ́rin, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti egbèjìdínlógún palẹ̀, kí wọ́n fi àmì ìṣirò kọ wọ́n. Kí a ní kí wọ́n ṣètò èésú ènìyàn méjìlá, kí wọ́n sọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò kó. Kí a pe olùkọ́ ìṣirò tí ó wà ní yàrá kejì wá wò ó. Àwọn ilé ìmọ̀ tí a ti dárúkọ nínú àròkọ yìí ti ń ti ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọ ọjà kan náà láti 1843. Kò yẹ kí ó jẹ́ àwa tí a ni ọjà ni a ó dúró lẹ́yìn odi.